Abọ́ Òróró Kejì

Abọ́ òróró méjì ló wà lórí tábìlì. Akẹtẹ̀ obìnrin kan wà lórí àga, àpò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ akẹtẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin tó ni wọ́n kò sí níbẹ̀. Ìkòkò iná ṣì ń hó. Ata pupa ń yí po lójú ọbẹ̀ bí ẹni pé àwọn náà ń wá a.

Èmi ni mo gbé ìkòkò yẹn wá. Mou ni orúkọ mi. Àwọn tó ń jẹun nínú ihò Ìyá Tan mọ̀ mí sí Bàbá Mou. Iṣẹ́ mi kò ju kí n gbé ìkòkò, kí n tan iná sábẹ́ rẹ̀, kí n sì gbé àwo ẹran tẹ̀lé e, kí oníbàárà máa ri ẹran bọ ọbẹ̀ tó ń hó fúnra rẹ̀. Inú òkè ni ilé oúnjẹ wa wà, nínú ọ̀kan lára àwọn ihò tí àwọn bàbá wa gbẹ́ sínú àpáta ìlú wa, Chongqing, nígbà ogun, nígbà tí iná ń rọ̀ láti ojú ọ̀run. Lóde òní, oòrùn oṣù kẹjọ ni àwọn ènìyàn ń sá fún tí wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Ẹnu ihò kún fún ariwo àti òógùn, àárín rẹ̀ tutù. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ilé ìtọ̀, géètì irin kan wà níbẹ̀. Lẹ́yìn géètì yẹn, òkùnkùn ni. Ihò náà ń bá a lọ, ó pẹ̀ka bí gbòǹgbò igi, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó parí sí. Wọ́n ní àwọn kan wọ ibẹ̀ nígbà ogun tí wọn kò jáde mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ géètì yẹn, ìkáwọ́ mi ló wà.

Nígbà tí aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀, Leng Chaolu ká aṣọ ìkélé yàrá tó kẹ́yìn, ó ní kí a bá òun wá ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun. Ẹni tí ń ta ata fún wa ni Leng, ó ti ń wọlé jáde lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní òun pe obìnrin náà wá jẹun kí àwọn lè parí ìjà kan tó wà láàárín àwọn lórí ilé tí ẹ̀gbọ́n òun tó ti kú fi sílẹ̀. Ó ní ó dìde lọ sí ilé ìtọ̀, ó sì ti tó ogún ìṣẹ́jú. A lọ wò ó. Ilé ìtọ̀ ṣófo. Géètì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, àgádágodo ń fì lára rẹ̀.

Mo ti ti géètì yẹn láàárọ̀. Àbí n ò tì í? Ẹni tó ti ń ti ilẹ̀kùn kan fún ọdún mọ́kànlá, ọwọ́ rẹ̀ ló ń tì í, ọkàn rẹ̀ ti lọ síbòmíràn.

Leng ló kọ́kọ́ sáré wọ inú òkùnkùn náà, ó ń pe "Ìyàwó wa, ìyàwó wa," ohùn rẹ̀ ń padà wá bá wa láti ọ̀nà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́pàá dé. Wọ́n fi fóònù pe ọmọ obìnrin náà, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ó ní àtọ̀gbẹ ń ṣe ìyá òun, Suo Yurong. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kí oúnjẹ tó kan ẹnu rẹ̀, ó ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Inú àpò ni abẹ́rẹ́ náà ń gbé, àpò náà kì í sì kúrò léjìká rẹ̀.

Àpò yẹn ló wà lórí àga.

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá," ọmọ náà sọ, "bí ilẹ̀ bá ṣú kó tó gba abẹ́rẹ́, ẹ má wulẹ̀ sọ pé ẹ̀ ń wá màmá mi mọ́. Òkú ẹ̀ lẹ ó máa wá."

*

Aago mẹ́ta ni Ọ̀gá Ran, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, dé. Mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, mo rò pé màá rí ènìyàn gíga kan. Obìnrin kúkúrú ni, kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ọ̀fìnkìn mú un tí imú rẹ̀ dí pa, aṣọ ìnumú kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá mẹ́wàá ti wà nínú ihò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wa rò pé yóò tẹ̀ lé wọn. Kò yà síbẹ̀ rárá. Ó fa àga, ó jókòó síwájú ìkòkò, ó ní kí ẹnikẹ́ni má kó nǹkan kan kúrò lórí tábìlì.

Ó wo èjìká mi kí ó tó wo ojú mi. Ó béèrè bóyá mo rí obìnrin náà.

"Mo rí i, ọ̀gá."

"Níbo?"

"Lórí àga tí àpò wà yẹn. Nígbà tí mo gbé ṣàkì wá, ó ti jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ọ̀gbẹ́ni Leng nawọ́ gba àwo lẹ́nu aṣọ ìkélé. Ó ń sọ fún un pé, 'Ìyàwó wa, ẹ jẹun, ẹ má máa wò mí.'"

"Ó dá a lóhùn?"

Mo ronú. Mo ní ariwo pọ̀.

"Ẹ lè búra?"

Mo búra. Ẹ̀rù ló búra, kì í ṣe èmi. Ẹni tí wọ́n ti ń bi léèrè kọ́kọ́rọ́ láti ọ̀sán máa ń fẹ́ kí ohun kan ṣoṣo dájú lẹ́nu òun. Ọlọ́pàá kan tó dúró lẹ́yìn mi sì ti ń sọ ọ́ sí mi létí pé bí obìnrin yìí bá kú, ẹni tó gbàgbé géètì á lọ jẹun lẹ́wọ̀n, pé oúnjẹ ibẹ̀ kò sì ní ata. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ lòun ń ṣe.

Ọ̀gá Ran ní kí wọ́n pe ẹni tó ni ilé oúnjẹ. Ìyá Tan wọlé, ó ń fi ápúrọ́ọ̀nù nu ọwọ́ tí kò tutù. Ọ̀gá Ran béèrè bóyá iná wà lọ́nà ilé ìtọ̀. Ìyá Tan ní iná wà níbẹ̀, pé ọ̀nà náà mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Wọ́n rán ẹnì kan lọ tan an. Kò tàn. Gílóòbù ọ̀hún ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo àwa tí a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ la mọ̀.

Àwọn ọlọ́pàá wo ara wọn bí ẹni tó ti rí ẹran mú. Ìyá Tan bú sẹ́kún, ó ní àwọn tí ń yẹ ilé oúnjẹ wò ti kìlọ̀ fún òun lẹ́ẹ̀mejì, pé wọ́n máa ti ilé náà bí wọ́n bá tún gbọ́ ẹjọ́ kan. Ọ̀gá Ran fun imú rẹ̀.

"Irọ́ gílóòbù nìyí," ó wí. "Èyí tí mò ń wá tóbi jù ú lọ. Ìyá, ẹ lọ mu omi."

Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí àpò tó wà lórí àga, ó tú u wò. Ó mú abẹ́rẹ́ jáde, ó gbé e fún ọkùnrin oníṣègùn tó bá wọn wá. Ó mú fóònù jáde, iná fóònù náà ṣì kún. Ó wo ọ̀nà ilé ìtọ̀ tó ṣú dùdù, ó wo fóònù. Èmi náà wò wọ́n. Obìnrin wo ló ń wọ irú òkùnkùn yẹn tó fi iná rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga?

Bí aago mẹ́rin ṣe ń lù, igbe ta láti inú ihò. Wọ́n ti rí bàtà.

Bàtà aṣọ dúdú kan ni, ti ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n ní ó tó igba ìṣísẹ̀ sí ẹnu géètì. Leng fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ó ní bàtà rẹ̀ ni, òun mọ̀ ọ́n, ihò yẹn ti pa á. Àwọn ọlọ́pàá tún gba inú òkùnkùn lọ, Ìyá Tan wólẹ̀ síbi tó jókòó sí. Nínú ọkàn mi, mo ti rí ara mi lẹ́wọ̀n, mo tún rí obìnrin náà tó ń fi ọwọ́ tá ògiri láàárín òkùnkùn tí èmi ṣí sílẹ̀ fún un. Èyí èkejì ló burú jù.

Òkè bàtà náà nìkan ni ẹrẹ̀ kàn. Ọ̀gá Ran yí i dojú dé. Ó wo ẹsẹ̀ àwọn tó gbé e wá. Ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn, nítorí omi kì í gbẹ nílẹ̀ ihò yẹn nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Bàtà tó rin igba ìṣísẹ̀ nínú ẹrẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ wá gbẹ bí ẹ̀pà sísun."

Ó mú igi ìtayín, ó ń fi yọ nǹkan kéékèèké láàárín ilà ìsàlẹ̀ bàtà náà, ó ń kó o sínú ìwé. Ọlọ́pàá ẹlẹ́fẹ̀ yẹn ní ata lásán ni, pé inú ilé ìkòkò iná là wà, ata ló kún ilẹ̀. Ọ̀gá Ran ká ìwé náà, ó fi sí àpò.

*

Ó wá ní kí n kó iná sábẹ́ ìkòkò, kí wọ́n sì pe Leng wá jókòó. Ó ní òun kò tíì jẹun láti àárọ̀. Mo rò pé orí rẹ̀ dàrú. Ọmọ obìnrin náà ń pe fóònù ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, oòrùn ti ń fà sẹ́yìn òkè, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ń wá ṣàkì. Ṣùgbọ́n ta ni èmi? Mo kó iná.

Onílé mẹ́sàn-án ni ìkòkò wa, irin ló pín inú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́sàn-án. Iná ilé àárín ló gbóná jù, ibẹ̀ là ń ri ṣàkì sí, ìgbà méje sókè, ìgbà mẹ́jọ sísàlẹ̀, ó ti tó jẹ. Ilé orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni iná ti rọlẹ̀, ibẹ̀ ni ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ń sùn sí. Ọ̀gá Ran mú ṣàkì kan, ó rì í sílé àárín, ó ń kà á bí ọmọ iléèwé. Ó wá ń bi Leng ní ìbéèrè bí ẹni tí ń tàkúrọ̀sọ. Ó béèrè bóyá obìnrin náà jẹun dáadáa. Leng nu ojú, ó ní ó jẹun ju òun lọ, pé inú òun ti ń dùn pé ìjà ti parí.

"Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi rì í?"

"Méje sókè, mẹ́jọ sísàlẹ̀," Leng wí. "Ọ̀gá, ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ilẹ̀ àríwá wọn sílẹ̀ wá fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti di ọmọ Chongqing."

"Kí ló fi jẹ ẹ́?"

Leng wò ó bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ló fi ń mí.

"Òróró yànmọ̀tí àti aáyù. Kí la tún ń fi jẹ ẹ́?"

Èmi náà tí mo dúró síbẹ̀, ohun tí ǹ bá sọ nìyẹn. Láàárín wa, kò sí ẹnu tó ń jẹ ìkòkò iná tí kì í fi òróró yànmọ̀tí jẹ ẹ́. Abọ́ kọ̀ọ̀kan, agolo òróró kọ̀ọ̀kan, aáyù, ó parí. A kì í rò ó. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀gá Ran tún na ọwọ́ sínú àpò, ó gbé ìgò kékeré kan sórí tábìlì. Yànmọ̀tí ni, àmọ́ lílọ̀ ni, ó ki bí ọbẹ̀ ẹ̀pà. Ìwé tí wọ́n fi lẹ ẹnu ìgò náà láti ṣọ́ọ̀bù kò tíì ya.

Ó pe ọmọ obìnrin náà, ó jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ọ. Ó béèrè kí ni ìyá rẹ̀ ń fi jẹ ìkòkò iná.

"Yànmọ̀tí lílọ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nílé wọn. Ó ń gbé e kiri ni, torí wọn kì í ní in níbẹ̀."

"Òróró ńkọ́?"

"Òróró kẹ̀? Ó ní bí ìgbà téèyàn ń mu epo inú àtùpà ni. Ẹ̀ẹ̀kan ló tọ́ ọ wò, ó bì. Bàbá mi fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi kú. Ọ̀gá, kí ló dé? Ṣé ẹ ti rí i?"

Ọ̀gá Ran ní kó má gbé fóònù sílẹ̀. Ó wá ti abọ́ òróró kejì lọ síwájú Leng, jẹ́ẹ́jẹ́, títí ó fi dé etí tábìlì níwájú rẹ̀. Aáyù wà nínú rẹ̀, èérún ṣàkì wà nínú rẹ̀, ẹnìkan ti jẹ nínú rẹ̀ dáadáa.

Títí di ìgbà yẹn, "ẹ̀yin" ló ń pè é.

"Ìwọ lo jẹ abọ́ méjèèjì," ó wí. "O fẹ́ kí á rí i pé ènìyàn méjì jẹun. Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ jọ ń jókòó síbi oúnjẹ ọdún, o ò wo inú abọ́ obìnrin yìí rí. Ìwọ lo ṣí géètì. Ìwọ lo ju bàtà sínú òkùnkùn nígbà tí o ń ké ìyàwó wa. O fẹ́ kí á sọ pé ó ṣìnà, pé abẹ́rẹ́ ẹ̀ wà lórí àga, pé ó kú sínú ihò. Lọ́jọ́ tí o bá sì gbé òkú ẹ̀ wá síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè nípa ilé. Níbo lo fi í sí?"

Ojú Leng kò yí. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù gan-an lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, ó ju òkùnkùn lọ. Ó wo aago ara ògiri. Aago márùn-ún ti kọjá.

"Ènìyàn lè jẹ ohun tí kò jẹ rí," ó wí. "Abọ́ òróró kò tó fi mú ènìyàn, ọ̀gá. Bàbá Mou rí i. Ó ti búra."

Gbogbo wọn yí ojú sí mi.

"Bàbá Mou," ni Ọ̀gá Ran wí, kò gbé ohùn sókè, "ṣé orí lẹ rí, àbí akẹtẹ̀?"

Mo wo àga náà. Àga ọparun ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ga. Ẹni tó bá fi akẹtẹ̀ kọ́ orí rẹ̀, tó sì kọ ẹ̀yìn àga náà sí ẹnu ọ̀nà, tó wá ń bá a sọ̀rọ̀... Bí mo bá yí ọ̀rọ̀ mi padà, mo ti di òpùrọ́, kọ́kọ́rọ́ sì tún wà lọ́rùn mi. Bí n kò bá yí i padà, ilẹ̀ á ṣú bá obìnrin kan.

"Akẹtẹ̀ ni," mo wí. "N ò rí orí. N ò rí ojú ẹ̀ rárá."

*

Ọ̀gá Ran tú ìwé tó wà nínú àpò rẹ̀. Ó ní ọ̀fìnkìn ti pa ahọ́n òun, òun kò lè mọ ìtọ́wò iyọ̀ yàtọ̀ sí ti ṣúgà, kí n bá òun tọ́ ọ wò. Èèpo ata amẹ́nukú ni, ó gbẹ, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Mo fi eyín tẹ ọ̀kan.

Ata yìí, oríṣi méjì ni. Pupa ni tiwa, òun la ń dín pẹ̀lú ọ̀rá màlúù. Ó máa ń rìn wá sí ẹnu díẹ̀díẹ̀ bí èèrà. Èyí kò rìn. Ó sán. Ètè mi kú lẹ́ẹ̀kan náà, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ gba imú mi.

"Kì í ṣe tiwa," mo wí. "Aláwọ̀ ewé ni. Ti ọdún yìí ni, kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n ká a."

"Èmi kì í ta aláwọ̀ ewé," ni Leng wí kíá.

Kò sẹ́ni tó bi í.

Ọ̀gá Ran kò tilẹ̀ wò ó. Èmi ló ń wò. Ó ní, "Kókó wà léjìká yín, Bàbá. Ọ̀pá ọparun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Alábàárù lẹ jẹ́ kí ẹ tó wá síbí. Ta lẹ ru ata aláwọ̀ ewé fún rí?"

Mo di ojú. Ogún ọdún ó lé ni mo fi gun àtẹ̀gùn ìlú yìí pẹ̀lú ẹrù ní orí méjèèjì ọ̀pá. Ta ló lè rántí gbogbo ẹrù? Ọpọlọ mi kò rántí. Ṣùgbọ́n ètè tó kú yẹn rántí. Ẹrù kan wà tí mo ru, tí èèpo rẹ̀ ń jò láti inú àpò sí mi lọ́rùn, tí òógùn ń gbé e wọ ẹnu mi, tí n kò mọ ẹnu mi títí mo fi dé òkè. Ìgbà tí ìyàwó mi lóyún àkọ́bí wa ni. Ọkùnrin kan ló ní ẹrù náà, onísùúrù, ó máa ń fún mi ní tíì ní òkè. Leng àgbà ni. Ọkọ obìnrin yìí.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀," mo wí. "Ihò kan ni ó ń kó o sí. Lókè, lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ omi àtijọ́. Ilẹ̀kùn irin ló ní."

Nǹkan kan dún póḿ. Ọ̀kan nínú igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí Leng fi ń jẹun ti bọ́ sínú ìkòkò. Ó ṣì ń di èkejì mú, kò mọ̀.

*

Oòrùn ti pupa nígbà tí a jáde. Mọ́tò kò lè gun ibẹ̀. Àtẹ̀gùn òkúta ni, ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́fà. Mo mọ iye rẹ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ọ̀gá Ran wà lẹ́yìn mi, ó ń mí gba ẹnu, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ náà wà nínú fóònù, kò sọ̀rọ̀, à ń gbọ́ èémí rẹ̀ nìkan. Ọkùnrin oníṣègùn di abẹ́rẹ́ mú.

Nígbà tí a dé òkè, ilé ẹ̀rọ omi kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti wó o. Ilé gíga ló wà níbẹ̀, mọ́tò pọ̀ níwájú rẹ̀. Mo yí, mo tún yí. Gbogbo ibẹ̀ jọra wọn. Ọlọ́pàá ẹlẹ́fẹ̀ ní bàbá yìí ti darúgbó, ó ti gbàgbé. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà, n kò lè fi ẹnu sọ ọ́: mo ti fi akẹtẹ̀ pa á lẹ́ẹ̀kan, mo tún fẹ́ fi ìgbàgbé pa á lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ má wò ó," ni Ọ̀gá Ran wí. "Ẹ rìn ín."

Mo padà sí orí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn. Mo di ojú, mo tẹ èjìká bí ẹni tó ru ẹrù. Ẹsẹ̀ mi rìn. Ó rìn yí ẹ̀yìn àwọn mọ́tò, ó dúró. Mo la ojú. Igi ọdán ńlá ló wà níwájú mi, gbòǹgbò rẹ̀ di àpáta mú, ibi tí gbogbo alábàárù ti máa ń sinmi. Ọwọ́ òsì ni, lẹ́yìn gbòǹgbò. Ilẹ̀kùn irin wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà, àwọ̀ ewé ara rẹ̀ ti ṣí. Àgádágodo tó wà lẹ́nu rẹ̀ ń dán bí eyín tuntun.

Wọ́n lù ú fọ́. Ata ló kọ́kọ́ jáde sí wa. Gbogbo wa ń sín, ojú wa ń ṣomi. Láàárín àwọn àpò, obìnrin kan fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Wọ́n ti dè é lọ́wọ́, wọ́n fi aṣọ dí i lẹ́nu. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ní bàtà. Ọ̀gá Ran kúnlẹ̀, ó tú aṣọ náà, ó fi etí lé e láyà.

Kò sí ẹni tó mí. Àní ọmọ inú fóònù kò mí.

"Ọkàn ẹ̀ ń lù," ni Ọ̀gá Ran wí.

Oníṣègùn ta ẹ̀jẹ̀ sí ìka rẹ̀, ó wò ó, ó gún un ní abẹ́rẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìsàlẹ̀ ìlú ti ń tan iná, odò méjì tó pàdé níbẹ̀ ti dúdú. Ìṣẹ́jú tí mo kà níbẹ̀ pọ̀ ju àtẹ̀gùn lọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan tó há, tó ń béèrè omi ní èdè àríwá wọn.

*

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún ẹ̀rí tí mo jẹ́ kọ sínú ìwé. Leng ti jẹ́wọ́ pé òun ti ti obìnrin náà mọ́ ihò ata láàárọ̀ kí òun tó gbé akẹtẹ̀ àti àpò rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, pé òun ló sì yọ kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, lẹ́yìn àgbá ọ̀rá, ibi tí gbogbo ayé mọ̀ pé mo máa ń fi í kọ́ sí. Ó ní mo ti ti géètì. Mo gbọ́ ọ, n kò lè yọ̀. Ọ̀gá Ran ka ìwé náà sí mi létí: mo kọ́kọ́ sọ pé mo rí obìnrin kan, n kò rí i, akẹtẹ̀ ni mo rí. Mo tẹ̀ ẹ́ ní àtàǹpàkò.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Láti ìgbà náà, n kì í na àwo gba ẹnu aṣọ ìkélé mọ́. Mo máa ń ká a sókè. Àwọn oníbàárà kan ń kùn, wọ́n ní Bàbá Mou ti di amí, pé ó ń wo ẹni tó mú obìnrin wá. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ.

Ní oṣù kẹwàá, nígbà tí ooru ti rọlẹ̀, Ìyá Tan ní kí n gbé ìkòkò lọ sí yàrá tó kẹ́yìn. Mo ká aṣọ. Obìnrin kan jókòó síbẹ̀, ó ti yí àga ọparun padà kí ó lè kọ ojú sí ẹnu ọ̀nà. Akẹtẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgò yànmọ̀tí wà níwájú rẹ̀, ó ti ṣí i. Ó rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá," ó wí, "ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí yín."

"Ẹ lè búra?"

Mo gbé ìkòkò kalẹ̀. Mo tan iná sábẹ́ rẹ̀. Mo wá gbé ojú sókè, mo sì wò ó dáadáa kí n tó dáhùn.